Ajá Tí Kò Gbọ́ Fèrè Ọdẹ

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òwe kan ti ń dà mí lọ́kàn rú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa á fún mi, èmi náà sì ti pa á fún ẹlòmíràn láìmọye ìgbà. Mi ò ronú rí nípa ajá inú òwe náà. Olóríkunkun la kà á sí. A gbà pé ó gbọ́, ó kọ etí ikún sí i ni, bó bá sì sọnù, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á.

Mo pa òwe yẹn mọ́ ajá tèmi lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ìbínú. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀, abo ajá tó ti bá mi da àgùntàn fún ọdún mẹ́fà. Mo fọn fèrè títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó wà ní ìsàlẹ̀ pápá, ó kẹ́yìn sí mi, kò yíjú. Nígbà tó padà dé, mo jágbe mọ́ ọn, mo so ó mọ́lẹ̀ di alẹ́. Ó jókòó sídìí òpó, ó ń wò mí, kò mọ ohun tó ṣe. Fèrè náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Etí rẹ̀ ti ń kú.

Tanímọ̀la kò sí lóko mi mọ́. Ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo sì fẹ́ kọ bó ṣe débẹ̀ sílẹ̀, torí pé ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí lójú ọ̀nà yẹn kò tíì kúrò lára mi.

## Kò gbọ́ràn

Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa ń lò fún nǹkan méjì. Ẹni tí etí rẹ̀ di, a ní kò gbọ́ràn. Ọmọ tó ń ṣe orí kunkun, a ní kò gbọ́ràn. Fún bí oṣù mẹ́rin, ìtumọ̀ kejì ni mo fi ń bá ajá mi wí, nígbà tó jẹ́ pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣe é.

Etí tó ń kú díẹ̀díẹ̀ kì í pariwo. Ajá a máa fi ojú àti imú bo àìgbọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ajá kejì bá dìde, òun náà á dìde. Bí ó bá rí ọwọ́ mi lára géètì, ó ti mọ̀ pé a fẹ́ jáde. Etí ènìyàn ń gbọ́ ìró tó ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti ajá ń lọ dé nǹkan bí 45,000. Bí ọjọ́ orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú etí ajá, àwọn ìró tó tín-ín-rín, tó sì ga, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Irú ìró yẹn sì ni fèrè darandaran. Tanímọ̀la ṣì ń gbọ́ ìlẹ̀kùn tí mo bá tì gbàà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ fèrè mọ́. Èmi wá gbà pé ohun tó wù ú ló ń yàn gbọ́. Inú mi bà jẹ́ gan-an nígbà tí mo mọ̀ pé ẹ̀rí tí mo ń kà sí i lọ́rùn gan-an ni àmì àìsàn náà.

Dókítà ẹran ló là mí lójú. Kò pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀ bí mo ti rò, torí pé afẹ́fẹ́ ọwọ́ lè kan irun ajá kó sì yíjú, kí èèyàn rò pé ó gbọ́. Ó ki wáyà tíńtín sábẹ́ awọ orí rẹ̀, ó ń rán ìró kọ́-kọ́-kọ́ sí etí kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sì ń wò ó bóyá ọpọlọ dáhùn. Bí etí bá ń ṣiṣẹ́, ìlà ojú ẹ̀rọ náà á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀. Tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ti Tanímọ̀la kì í ṣe àbínibí. Àwọn tí wọ́n bí i mọ́ pọ̀ láàárín ajá, pàápàá àwọn tí àwọ̀ funfun bo orí àti etí wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún ara ní àwọ̀ wà lára ohun tó ń mú kí inú etí wà láàyè. Níbi tí wọn kò bá sí, etí ọmọ ajá á kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Bí akọ àti abo bá jọ ní àwọ̀ alábàwọ́n tí wọ́n ń pè ní merle, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló sì sábà ń dití tàbí fọ́jú. Láti ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mọ apilẹ̀-àbùdá tó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń so irú ajá méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ nítorí ẹwà àwọ̀ wọn, ó ń ṣe ìkà, mi ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.

## Ojú tí àgùntàn ti gbà

Àwọn ọ̀rẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ́ ọ ní àmì ọwọ́. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ajá tó dití a máa kọ́ àmì ọwọ́ kíákíá, nígbà mìíràn kíákíá ju bí ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, torí pé ara wa ni ajá ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ dída ẹran kì í fi ojú sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Ojú ni ajá fi ń darí àgùntàn. Ó lè jìnnà sí ẹni tó ni ín débi pé kékeré ni èèyàn á máa rí i, ó sì ti kẹ́yìn sí onítọ̀hún. Ìdí tí wọ́n fi ń lo fèrè nìyí: yí wọn láti òsì, yí wọn láti ọ̀tún, dúró, dùbúlẹ̀. Etí ń gba àṣẹ, ojú ń bá iṣẹ́ lọ. Bí mo bá ní kí Tanímọ̀la máa bojú wẹ̀yìn wò mí, agbo á tú. Bí kò bá sì bojú wẹ̀yìn, kò ní mọ ohun tí mo fẹ́. A gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan. Ó ń wò mí, ó ń wo ẹran, ó ń wò mí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ katakata ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń fi ẹ̀yìn wa katakata wọ ọgbà, Tanímọ̀la sùn sójú ọ̀nà níbi tí oòrùn ti mú ilẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi sùn síbẹ̀, ó sì máa ń dìde bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún. Mo pariwo, kì í ṣe sí ajá, sí ọmọ náà ni. Ó tẹ bíréèkì. Nígbà tí mo débẹ̀, táyà kù díẹ̀ kó kàn án lẹ́yìn. Ó ṣì ń sùn.

Mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé. Láràárọ̀, tí ajá kejì bá bá mi jáde, Tanímọ̀la á máa rìn lọ, á máa rìn bọ̀ níbi tí okùn rẹ̀ mọ, títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi pá. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, pé ajá oko tí kò lè ṣiṣẹ́ kò ní ìdí tó fi wà láyé mọ́. Àwọn mìíràn ní kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, pé ó ti sìn mí, ilé rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹni kejì yìí dùn létí. Mo fara mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́, torí ó jẹ́ kí n rí ara mi bí olóòótọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo ń rí ilẹ̀ tó pá yẹn lójoojúmọ́. Ajá tó wà níbẹ̀ ń wo iṣẹ́ rẹ̀ tó ń lọ láìsí òun, láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ni dídúró rẹ̀ ń tù nínú.

## Ìbéèrè ìyá náà

Mo kọ ìkéde. Mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú rẹ̀, ọdún mẹ́jọ, àti àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà, ti dìgbòlugi pẹ̀lú. Mo kọ ọ́ pé kò gbọ́ràn ní etí méjèèjì, pé kò lè da ẹran mọ́, pé kò lè wà níbi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá láìsí okùn lọ́rùn, pé kò lè gbọ́ ìkìlọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn díẹ̀ pè. Ẹnì kan fẹ́ ajá tó máa gbó bí àlejò bá wọlé lóru, mo sì ṣàlàyé pé kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò. Ẹlòmíràn fẹ́ẹ̀ sunkún lórí fóònù, àánú ajá náà ṣe é gidigidi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè bóyá ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, ó ní rárá, ìfẹ́ á tó o. Ìfẹ́ kò lè dá ọkọ̀ dúró. Mi ò fún un.

Ìyá kan wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo kí i, mo gbé àga fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jókòó lé e. Orí ilẹ̀ pákó ló jókòó sí, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ ajá náà, kò tẹjú mọ́ ọn. Tanímọ̀la wà ní ìkángun kejì, ó kẹ́yìn sí wa. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pákó lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́.

Tanímọ̀la gbé orí. Ó yíjú, ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ìyá náà.

Láti ọjọ́ tí dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò ni mo ti ń rìn yí ajá yẹn ká lọ dúró níwájú rẹ̀ bí mo bá fẹ́ pè é. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ilẹ̀ tí àwa méjèèjì dúró lé lè bá mi pè é.

“Kí ló fẹ́ràn, ọmọ mi?” ni ìyá náà bi mí.

“Iṣẹ́ ni, mà. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó iṣẹ́.”

“Mo gbọ́. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ńkọ́?”

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo mọ bó ṣe ń sáré. Mo mọ iye àgùntàn tó lè kó wọ ọgbà láìsí ajá kejì. Mo mọ ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ún bí òtútù bá mú. Ohun gbogbo tó ń ṣe fún mi ni mo mọ̀. Bí kò bá sí ẹran níwájú rẹ̀, ta ni? Mo wo ajá tí mo ti bá rìn fún ọdún mẹ́fà, ó dà bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀ ni.

“Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀.”

Kò bá mi wí. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí pákó kí Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀ bó ti wù ú. Ó ní, “O ò lè fún mi ní ajá tí ìwọ fúnra rẹ ò mọ̀. Jẹ́ kó ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Máa wò ó. Ohun tí o bá rí, kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.” Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

## Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nira. Mo jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò, mi ò rí nǹkan kan kọ. Mo ń dúró kó ṣe nǹkan ribiribi. Ọjọ́ kẹfà ni mo rí i pé kì í sùn láì fi ẹ̀yìn ti nǹkan: ògiri, ìlẹ̀kùn, bàtà mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń gbọ́. Bí ìlẹ̀kùn bá mì, ó mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ó fẹ́ràn ibi gíga tó ti lè rí gbogbo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ràn kí ènìyàn gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, kó sì fi í síbẹ̀ láì fọwọ́ pa á lára. Ó ní ìbọ̀wọ́ àtijọ́ mi kan tó máa ń gbé láti yàrá dé yàrá. Kì í ya á, ó kàn ń gbé e ni. Lọ́jọ́ kan mo fi ìbọ̀wọ́ náà pamọ́ sábẹ́ àpò òfìfo, mo sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń béèrè pé ó dà. Imú rẹ̀ wọ ilẹ̀. Ó wá a kárí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrù rẹ̀ ń fì, nígbà tó sì rí i, ó gbé e wá, ó dúró níwájú mi, ó gbé ojú sókè.

Mo ní láti gbé bírò sílẹ̀. Lóko, àwa méjèèjì la máa ń dojú kọ àgùntàn. Èmi àti òun kì í sábà dojú kọ ara wa. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún mi pé oko ni ajá oko nílò, mo sì gbà. Iṣẹ́ ló nílò, òótọ́ ni, ajá tí wọ́n bí fún iṣẹ́ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láìríṣe á wá iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó máa ṣe é lóore báyìí ni èyí tí ẹni tó ń bá a ṣe é á wà níwájú rẹ̀. Imú rẹ̀ á ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ á sì ráyè fún ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo wá ń rántí lálaalẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un ní apá kan, wọ́n gbé àga rẹ̀ sídìí fèrèsé, àwa ọmọ á wá kí wọn, a máa béèrè lọ́wọ́ ìyàwó wọn pé kí ni wọ́n lè ṣe báyìí. Ṣé wọ́n ti lè gbé ife? Ṣé wọ́n ti lè dìde? Ọdún méjì ni wọ́n lò nínú àga yẹn. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú wa béèrè bóyá fèrèsé ni wọ́n fẹ́ máa wò.

## Ohun tí mo kọ

Ìwé tí mo fún ìyá náà gùn tó ojú ewé mẹ́rin. Ohun tó fẹ́ràn ló wà lókè. Lẹ́yìn náà ni mo kọ àwọn nǹkan tó ṣòro láti kọ, torí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Bí mo bá fi àbùkù kan pamọ́, ajá náà ló máa jìyà rẹ̀. Wọ́n á dá a padà, tàbí wọ́n á tì í sọ́wọ́ ẹnì kẹta tí mi ò mọ̀.

Mo kọ ọ́ pé ó máa ń da ọmọdé bí ẹran, pé bí wọ́n bá ń sáré á yí wọn ká, pé ó ti fi eyín kan gìgísẹ̀ ọmọ kan rí láì dá egbò sí i. Mo kọ ọ́ pé táyà tó ń yí máa ń fà á, kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀, àti pé ìyẹn ló lè pa á ju ohunkóhun lọ. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ sí lójú títì láìsí okùn, láéláé. Mo kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án lójijì lójú oorun, ó máa ń ta gìrì pẹ̀lú ẹnu líla, kì í ṣe ìwà ìkà, ẹ̀rù ni. Kí wọ́n gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀ kí òórùn jí i.

Mo kọ àwọn àmì tó ti mọ̀: àtẹ́lẹwọ́ síta ni “dúró”, ọwọ́ sí àyà ni “máa bọ̀”, àtàǹpàkò sókè ni “o káre”. Tọ́ọ̀ṣì tí a bá tàn, tí a sì pa lẹ́ẹ̀mejì lóru, ni “wọlé”. Mo kọ ọ́ pé nígbàkígbà tó bá fúnra rẹ̀ yíjú wò wọ́n láìsí ẹni tó pè é, kí wọ́n fún un ní nǹkan, torí ajá tó dití tó ti mọ́ lára láti máa wo ojú ẹni ti rí ohun tó máa fi rọ́pò etí. A so agogo kékeré mọ́ ọn lọ́rùn, kì í ṣe fún un, fún àwọn tó bá ń wá a ni. A kọ “Mi ò gbọ́ràn” sára irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ìyá náà.

A ṣe àdéhùn kan: bí kò bá bá wọn lára mu, ọ̀dọ̀ mi ló ń padà bọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá náà ka ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú mi, ó béèrè ìbéèrè méjì nípa ọmọdé, torí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ máa ń wá. Lẹ́yìn náà ló ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀.

## Ọ̀nà géètì

Ó lọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ náà àti aṣọ tó ń sùn lé. Mo fún wọn ní oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí inú rẹ̀ má bàa dàrú. Mo ti kà á pé ajá tó bá dé ilé tuntun sábà máa ń lo bí ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀rù tó fi í sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ilé òun ni. Mi ò lọ síbẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ó ṣòro fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹun tó. Ìyá náà sọ ọ́ fún mi láì fi bò, mo sì dúpẹ́ pé kò fi pa mọ́.

Nígbà tí mo lọ, mo dúró lẹ́yìn géètì wọn, mi ò pè. Kí ni mo fẹ́ pè? Tanímọ̀la wà lórí àtẹ̀gùn níbi tó ti lè rí gbogbo ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ ìyá náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn mi. Mo rí i tí imú rẹ̀ gbéra kí orí rẹ̀ tó gbéra. Ó dìde. Ó rí mi. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń mì, agogo ọrùn rẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n kò sáré.

Ó kọ́kọ́ yíjú wo ojú ìyá náà. Ìyá náà gbé ọwọ́, ó nà án sí ọ̀dọ̀ mi. Ìgbà yẹn ló tó wá.